Fíìmù Set It Off: ohun tó lé wọn dé bánkì

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, Admin yín ni. Ẹ ní kí n ṣàlàyé fíìmù tí mo dárúkọ lọ́jọ́ Jímọ̀, Set It Off. Ọdún 1996 ló jáde, F. Gary Gray ló darí ẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ní Los Angeles ló ń ja bánkì lólè. Tó bá jẹ́ ọgbọ́n olè lẹ fẹ́ wò, ẹ ò ní rí púpọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé ìbọn wọlé, wọ́n kó owó, wọ́n sá. Ohun tó lé wọn débẹ̀ ni fíìmù náà fara balẹ̀ sọ.

Frankie ń ṣe kàṣíà ní bánkì. Àwọn olè wá, wọ́n yìnbọn pa oníbàárà níṣojú ẹ̀. Bánkì ní ó mọ ọ̀kan nínú wọn, ni wọ́n bá lé e níṣẹ́. Stony ní tiẹ̀, ọlọ́pàá ṣi àbúrò ẹ̀, Stevie, mú fún olè. Ìgò ọtí ló wà lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n rò pé ìbọn ni, wọ́n pa á.

Ti T.T. ló dùn mí jù. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n ń ṣe, owó ẹ̀ ò tó gba ẹni tó máa bá a tọ́jú ọmọ. Ló bá gbé ọmọ dání lọ síbi iṣẹ́, ọmọ gbé kẹ́míkà mu. Ọmọ yè, àmọ́ ìjọba gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, àfi tó bá fi hàn pé òun lè tọ́jú ẹ̀. Ẹ gbọ́ o: torí kò lówó ló ṣe gbé ọmọ dání, owó náà ni wọ́n tún ní kó lọ wá. Níbo ni kó ti rí i? Àwa tí ìyá wa wà nílé, tí a wà níbí, mélòó nínú wa ni kò tẹ́ ọmọ sábẹ́ káńtà rí? (Ìyá oníkẹ́míkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àwọn gálọ́ọ̀nù yẹn sókè.)

Owó tí wọ́n jí ńkọ́? Luther, ọ̀gá wọn tó ń sanwó táṣẹ́rẹ́ fún wọn, ló rí i níbi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí, ó kó o lọ. Ni wọ́n bá tún padà sí bánkì.

Ìfẹ́ Stony àti òṣìṣẹ́ bánkì kan gùn jù lójú tèmi. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wò ó. Àmọ́ ibi tí Cleo, Queen Latifah nìyẹn, ti fi ara ẹ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá kí àwọn yòókù lè sá, mo dá fíìmù dúró díẹ̀.

Stony nìkan ló yè. Ọlọ́pàá tó ń lépa wọn rí i nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Mexico, ó dákẹ́. Bàbá onírọ́bà ní ó yẹ kó mú un. Èmi ò gbà. Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa Stevie.