Ẹni Tí A Rán Níṣẹ́ Ní Láti Jábọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, àti bí wọ́n ṣe ń jábọ̀ fún àwa tá a dìbò yàn wọ́n. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi yan ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ alákòóso fẹ́ ké sí Ọnọ́rébù tó ń ṣojú ẹkùn ìdìbò yìí kó wá bá wa jókòó. Mo sì ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú wa fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: géètì ilé-ìwé, tàǹkì omi, aṣọ bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má béèrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan la béèrè, àǹfààní ńlá ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ mọ bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Wọ́n á ta kánópì, àwọn onílù á wà ní ìkàlẹ̀. Aṣòfin á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ rẹ̀. Ó fún àwọn opó ní ìrẹsì, ó fún àwọn ọ̀dọ́ ní màṣíìnì ìránṣọ, ó san owó fọ́ọ̀mù JAMB, ó débi ìsìnkú, ó débi ìwúyè, ó gbé ife ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún ìdíje bọ́ọ̀lù. Àwa náà á pàtẹ́wọ́, a ó tún béèrè tàràńsífọ́mà kún un. A lè jókòó fún wákàtí mẹ́ta ká má gbọ́ orúkọ òfin kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ òfin la rán an o.

Kò burú kí aṣòfin báni sìnkú, kó báni kó ọmọ jáde. Ẹni tí kì í bá ará ìlú jókòó, báwo ló ṣe máa mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀? Ṣùgbọ́n Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ iṣẹ́ rẹ̀ kedere. Kó ṣòfin, kó yẹ ètò ìṣúná tí gómìnà gbé wá wò kó tó di nínáwó, kó sì máa tọpinpin bí wọ́n ṣe ná owó náà. Ìrẹsì kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní òfin ìpínlẹ̀ dà, kí ló fẹ́ fi ṣe fún wa? Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ wá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ètò ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu. Ariwo ta. Kí ló wá jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn dúró? Kì í ṣe ìwọ́de nìkan, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí rédíò. Wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ fi òfin gbé e lẹ́sẹ̀, àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ṣe òfin rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Ọwọ́ àwọn aṣòfin tá à ń tọrọ ìrẹsì lọ́wọ́ wọn yìí ló wà.

Òmíràn rèé. Wọn kò lè tún Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ṣe ní Àbújá láìjẹ́ pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ó kéré tán, nínú mẹ́rìndínlógójì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dín ọjọ́ orí ẹni tó lè dupò aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti ọdún 30 sí ọdún 25 ní 2018. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ìpínlẹ̀ láyè ní 2023 láti pèsè iná mànàmáná kí wọ́n sì pín in fúnra wọn, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo NEPA látàárọ̀, ǹjẹ́ ẹ ti bi Ọnọ́rébù yín léèrè ohun tó dìbò fún lórí iná?

Èyí tó dùn mí jù ni ti Èkó. Ní ọdún 2011, wọ́n ṣe òfin ilé gbígbé níbẹ̀. Òfin náà sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá gbà á, àti ẹni tó bá san án pàápàá, lè san owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń san ọdún méjì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí wọn kò gbọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Òfin tí a kò jábọ̀ rẹ̀ fún ará ìlú, inú ìwé ló ń sùn sí.

Nítorí náà, bí Ọnọ́rébù bá dé, ẹ jẹ́ ká bi í ní ìbéèrè mẹ́rin péré.

Ìkíní, àbádòfin wo lo gbé wá, ibo ló sì dé? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “a ti ṣe é” tàn yín. Àbádòfin ní àtẹ̀gùn tó ń gùn. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kíní, kí ilé mọ̀ pé ó ti dé. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń wáyé. Ó di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, níbi tí wọ́n ti lè pe ará ìlú kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kíkà kẹta. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó kan gómìnà, ọgbọ̀n ọjọ́ ló sì ní láti fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀. Bó bá kọ̀, ilé lè tún un gbé kalẹ̀, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé bá sì fọwọ́ sí i, ó ti dòfin láìdúró de gómìnà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí tí aṣòfin jẹ́ 32, èèyàn 22 nìyẹn. Mo ti jókòó níbi ìjókòó àwa oníròyìn, mo sì rí i pé àbádòfin tó kú sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kì í ní òkú sísìn. Ẹnu ará ìlú ló lè jí i dìde.

Ìkejì, nínú ètò ìṣúná ọdún yìí, èwo ló kan ẹkùn wa? Ẹ má béèrè tàràńsífọ́mà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tọrọ bárà. Ẹ bi í bóyá ó wà nínú ìwé, iye tí wọ́n kọ sí i, àti bóyá owó náà ti jáde. Èyí tó wà nínú ìwé, ẹ̀tọ́ wa ni. Èyí tó bá fi owó ara rẹ̀ rà, oore ni, olóore kì í sì í gbàbéèrè.

Ìkẹta, ọjọ́ mélòó lo jókòó? Òfin ní kí ilé jókòó fún ọjọ́ 181, ó kéré tán, lọ́dún. Aṣòfin tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí gúnmọ́ lè pàdánù ipò rẹ̀. Èèyàn tó débi gbogbo ìsìnkú tí kò dé ilé aṣòfin, iṣẹ́ ta ló ń jẹ́?

Ìkẹrin, kí ni àwa lè ṣe láti ràn ọ́ lọ́wọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò wà láàárín wa, oníṣirò owó wà, nọ́ọ̀sì wà, olùkọ́ wà. Bí wọ́n bá pe ìjókòó ìta gbangba lórí ètò ẹ̀kọ́ tàbí ìlera, kí ló dé tí ẹgbẹ́ bíi tiwa kò lè kọ ìwé ojú méjì ránṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú. Ìwé òfin fàyè gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láti fi èdè ìbílẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá fẹnu kò sí i. Bí wọ́n bá lè sọ ọ́ nínú ilé, wọ́n lè sọ ọ́ fún ìyá alákàrà tó dìbò fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n kan sọ fún mi pé, “Bó bá jẹ́ òfin ló wá kà fún wọn, wọn ò ní dìbò fún un mọ́.” Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ń ta mí. Àwa la sọ aṣòfin di ilé ìfowópamọ́. Ẹni tó bá ṣòfin rere tí kò pín nǹkan, a ní ahun ni. Ẹni tó bá pín nǹkan tí kò la ẹnu rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, a ní èèyàn wa ni. Ohun tá a bá yìn ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá tíì padà wá jábọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí, ẹni tó rán an kò sì gbọdọ̀ ti sùn lọ.

Àbá mi kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹgbẹ́ wa ya ojú ìwé méjì sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí lọ́dọọdún. Ká tẹ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀, ká tẹ ìdáhùn Ọnọ́rébù sí abẹ́ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Bí kò bá dáhùn, ká fi àyè náà sílẹ̀ ní funfun báyìí. Lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e, ká fi tẹ̀yìn wé ti iwájú.