Kí gbogbo ọmọ lè fò



Bí ọjọ́ eré ìdárayá bá pé ní ilé ẹ̀kọ́, ọmọ yín ní inú ń run òun. Ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Ẹ wò ó. Olùkọ́ na okùn, orí méjèèjì ga dọ́gba. Gbogbo ọmọ fò ó. Olùkọ́ gbé e sókè. Ẹni tí kò lè fò ó, kí ó lọ jókòó. Nígbà tó yá, ó ku ọmọ kan. Àwọn tó yẹ kí wọ́n máa fò jù ń wòran, ojú ń tì wọ́n.

Muska Mosston, tó kọ ìwé lórí kíkọ́ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà ní 1966, fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ẹ so orí kan okùn sísàlẹ̀, ẹ so orí kejì sókè. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ibi tí agbára rẹ̀ mọ. A kò lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fò níbi tó rẹlẹ̀ lónìí lè sún sókè díẹ̀ lọ́la.

Edward Deci àti Richard Ryan, onímọ̀ méjì, sọ ìdí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń mú ènìyàn fẹ́ iṣẹ́ láti inú ara rẹ̀: kí ó lè yàn, kí ó rí i pé òun lè ṣe é, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á mọ́ra.

Ọmọ ìka kò dọ́gba. Ní ìpàdé òbí, ẹ bi olùkọ́: ọmọ mélòó ló ń jókòó wòran? Nílé, ẹ má fi ọmọ wé ọmọ. Ẹ bi í pé: kí lo lè ṣe lónìí tí o kò lè ṣe lánàá?