Àpótí Orin Tí Kì í Pariwo

(Ìró: abẹ́rẹ́ bà lé àwo. Ó ń ta pẹ́-pẹ́-pẹ́. Orin kò tíì bẹ̀rẹ̀.)

ATỌ́KÙN: Ohun tó ń dún létí yín yẹn kì í ṣe òjò lórí páànù. Eruku ọyẹ́ ni. Ó ti wọ ojú ìlà àwo orin kan láti ọjọ́ pípẹ́ wá, abẹ́rẹ́ sì ń kọlù ú bó ṣe ń lọ. Bàbá mi ló ni àwo náà. Ìbàdàn ló ti rà á, wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n mi ò gbé àwo kankan wá síbi tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Inú kọ̀ǹpútà kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ ni orin náà ti ń jáde.

(Ìró: ìlù wọlé, ó rọra lọ sílẹ̀ sábẹ́ ohùn atọ́kùn.)

ATỌ́KÙN: Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, páálí àwo 217 la bá nínú yàrá rẹ̀, pẹ̀lú kátọ́ọ̀nù kásẹ́ẹ̀tì méjì. I.K. Dairo wà níbẹ̀, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Hárúnà Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, Yusuf Ọlátúnjí wà níbẹ̀ tòun ti gòjé rẹ̀, Ebenezer Obey, Sunny Ade. Àyìnlá Ọmọwúrà tilẹ̀ gba odidi pẹpẹ kan fún ara rẹ̀. Bàbá mi a máa fi báírò kọ ọjọ́ tó ra àwo sí ẹ̀yìn páálí. Bí ẹnì kan bá wá yá àwo, inú ọ̀rá ló máa dì í sí fún un. Páálí kì í kúrò nílé. Ó máa kọ orúkọ onítọ̀hún sára rẹ̀, ọjọ́ tí àwo bá padà dé ni yóò fa igi lé orúkọ náà. Páálí mẹ́ta ló ṣófo títí dòní, orúkọ mẹ́ta ni kò sì tíì rí igi.

Rédíógíráàmù tó fi ń gbọ́ wọn ti di oúnjẹ ikán.

Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé mo fẹ́ tọ́jú orin wọ̀nyí. Ohun tí gbogbo wọn ń bi mí ni pé, ṣebí gbogbo orin ló ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Mo wá wọn lọ síbẹ̀. Òmíràn wà, òmíràn ò sí. Nínú àwọn tó wà, mo rí èyí tó ń jẹ́ orúkọ olórin mìíràn. Èèyàn sì gbọ́dọ̀ máa ra dátà lójoojúmọ́ kó tó gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ti fowó rà tán. Èyí tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń gé orin náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀gá jùjú wa ti fi orin oníṣẹ́jú mẹ́ta sílẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti bọ́ sójú àwo, ó lè di ìṣẹ́jú 18 kí wọ́n tó mí. Láàárín ìyẹn, wọ́n á ti kí olówó kan, wọ́n á ti ṣàdúrà, gángan á ti yí ọ̀rọ̀ padà, gìtá á ti dá sí i, orin kejì á ti yọ lára orin kìíní, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ni wọ́n ti pààlà. Bí òde àríyá ṣe ń lọ ni orin náà ń lọ. Ẹni tó bá wá gé e sí ìjá mẹ́fà, tó fi ìdákẹ́jẹ́ há àárín wọn, ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu onírárà. Nínú ẹ̀rọ tèmi, ojú àwo kan, fáìlì kan.

(Ìró: fáànù kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń pariwo, ó ń wùù.)

ATỌ́KÙN: Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ lò nìyẹn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tó ti gbó ni, mo gbé e sí pálọ̀ màmá mi ní Ìbàdàn, mo kó orin sínú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kìíní ni màmá mi pè mí.

MÀMÁ: Àkànní, kí ló ń mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀ nínú pálọ̀ mi yìí?

ATỌ́KÙN: Fáànù kọ̀ǹpútà ni, Màmá. Ooru ló ń mú un.

MÀMÁ: Ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ ń pariwo, báwo ló ṣe máa jẹ́ kí n gbọ́ Ìṣọ̀lá? Pa á jàre.

ATỌ́KÙN: Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àpàlà Hárúnà kì í ṣe orin tí wọ́n ń fi agbára lé síni létí. Agídìgbo á máa dún wọ̀ọ̀ nísàlẹ̀, ohùn ọ̀gá á máa bọ̀ jẹ́jẹ́. Bí ibi kan bá wà tó dákẹ́ nínú orin náà, ibẹ̀ gan-an ni ariwo fáànù ń lọ jókòó sí. Lọ́jọ́ tí mo pa ẹ̀rọ yẹn, tí mo gbé èyí tí kì í pariwo síbẹ̀, a gbọ́ bí Hárúnà ṣe fa èémí sínú kó tó la ẹnu. Màmá mi ní kí n dá a padà kí òun tún un gbọ́.

Ẹ̀rọ tí mo ń wí yìí ni Raspberry Pi. Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Eben Upton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbèrò rẹ̀, kí àwọn ọmọdé lè rí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n á fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012 ló dé ọjà, dọ́là 35 ni wọ́n sì pè é. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ̀ ju káàdì ATM lọ. Oríṣi kẹrin ni tèmi, èyí tó jáde ní 2019. Mo fi sínú àpótí irin kékeré kan tó ń gba ooru kúrò lára rẹ̀, kò fi nílò fáànù. Kò sóhun tó ń yí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ da etí kọ ọ́, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

(Ìdákẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.)

ATỌ́KÙN: Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn o.

Ẹ̀yin tí iná ń ṣe bó ṣe wù ú ládùúgbò yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Iná tí ẹ̀rọ yìí ń jẹ kò ju ti gílóòbù LED kékeré lọ, bíi wáàtì márùn-ún. Bátìrì fóólùtì 12 tó jẹ́ 7 Ah, irú èyí tó máa ń wà nínú UPS, lórí ìwé, á gbé e fún wákàtí 16. Tèmi ń gbé e fún wákàtí mẹ́wàá, ìyẹn láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, mo sì dúpẹ́.

Server ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe ẹ̀rọ tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi báyìí: ìkòkò ọbẹ̀ kan ló wà nílé ìdáná, oníkálukú gbé abọ́ tirẹ̀ wá. Fóònù màmá mi ń bu sákárà nínú yàrá, sípíkà pálọ̀ ń bu jùjú, ọmọ àbúrò mi ń bu fújì ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́ẹ̀kan náà, ọbẹ̀ ò sì tán. Ẹ̀rọ Wi-Fi ilé ló ń gbé e kiri. Dátà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, torí orin náà kò jáde kúrò nínú ọgbà wa. Bí dátà tán lánàá, orin ò tán lónìí.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Slim Devices ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Logitech ra ilé iṣẹ́ náà ní 2006, ó sì dáwọ́ dúró lórí àwọn ẹ̀rọ Squeezebox tó ń lo ètò yìí ní 2012. Ibẹ̀ ni ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti kọ ètò náà sí, ẹnikẹ́ni lè kà á, kó sì tún un ṣe. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló gbé e pọ̀n dòní. Lyrion Music Server ló ń jẹ́ báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni.

(Ìró: aṣọ ń nu ojú àwo, fẹ́rẹ́-fẹ́rẹ́.)

ATỌ́KÙN: Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kíkó orin kúrò lára àwo. Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Àwo ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú 40 ni wàá jókòó tì í. Màá kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ àti aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, bí ìlà ṣe yí ni ọwọ́ mi máa ń yí. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo ń ṣe é, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ti dákẹ́, kí ìgbọ̀n rẹ̀ má baà gba ara tábìlì dé ara abẹ́rẹ́. Laptop mi á máa wọn ohùn náà ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iye kan náà tí wọ́n ń lò fún àwo CD.

Lóru ọjọ́ kan, Àyìnlá ni mò ń gbà. Iná lọ. Laptop ní bátìrì nínú, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí àwo kò ní. Ẹ gbọ́ ohun tó wọ inú fáìlì.

(Ìró: ohùn olórin ń wúwo, ó ń falẹ̀. Ìlù ń fà. Gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ó dákẹ́.)

ATỌ́KÙN: Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni ọkùnrin yẹn kú ní Abẹ́òkúta. Mo jókòó nínú òkùnkùn, ó ṣe mí bíi pé ojú mi ló tún ṣe. Mo tún àwo náà gbà lọ́jọ́ kejì, ó sì dára. Ṣùgbọ́n mi ò pa fáìlì òru yẹn rẹ́.

FLAC ni irú fáìlì tí mo ń lò. Josh Coalson ló gbé e jáde ní 2001. MP3 tí àwọn èèyàn mọ̀ dáadáa, tí àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì ṣiṣẹ́ ńlá lé lórí, a máa ju ohun tó rò pé etí kò ní gbọ́ nù, kí fáìlì lè kéré. FLAC kì í ju nǹkan kan nù. Agbádá tí a ká sínú báàgì ni: kò gba ààyè púpọ̀ mọ́, bí o bá sì tú u, òwú kan kò dín lára rẹ̀. Àwo tí ìbá gba bíi 400 MB á wá sí bíi 250. Flash 128 GB kan á gba gbogbo àwo bàbá mi, á sì ku ààyè fún kásẹ́ẹ̀tì.

Orúkọ kíkọ ló gba sùúrù jù. Nọ́ńbà ló wà lára àwo Àyìnlá: Volume 1, Volume 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà tò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n tò: 1, 10, 11, kó tó wá kan 2. Mo ní láti padà lọ kọ 01, 02. Mo sì ti pinnu pé gbogbo orúkọ ló máa ní àmì ohùn, nítorí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà nílé wa. Ìgbà tó yá, Yusuf Ọlátúnjí di ẹni méjì lójú fóònù: àwo méje lọ́dọ̀ ọ̀kan, mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ èkejì. Mo wò ó títí, orúkọ méjèèjì bára mu délẹ̀. Oṣù kan kọjá kí n tó mọ̀ pé Ọ tí mo fi fóònù tẹ̀, ẹyọ lẹ́tà kan ni. Ọ tí mo fi laptop tẹ̀, O lásán ni, tí wọ́n wá fi àmì tì sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ojú èèyàn ò lè dá wọn yàtọ̀, ẹ̀rọ dá wọn yàtọ̀. Èdè tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń sọ kò yẹ kó máa fa irú ìdààmú yìí. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa fi Yorùbá dán iṣẹ́ wọn wò kí wọ́n tó gbé e jáde, ó sì yẹ kí àwa náà máa kọ sí wọn bí nǹkan bá bàjẹ́.

Mo pàdánù nǹkan kan kí n tó ra bátìrì. Iná já nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí mẹ́mọ́rì káàdì, káàdì náà bàjẹ́. Orin wà lórí flash, kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ orí káàdì ni àtòjọ orin tí màmá mi fọwọ́ ara rẹ̀ yàn wà, orin 60 ó lé, gbogbo rẹ̀ sì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàn án lákọ̀tun, kò bínú. Èmi ni mo bínú. Láti ìgbà náà, ẹ̀dà orin àti ẹ̀dà káàdì wà nílé àbúrò mi obìnrin ní London.

Ó ku àwo 31 tí mi ò tíì gbà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo parí èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Ọgbẹ́ kan wà lójú kejì rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá débẹ̀, á há, á máa padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi laptop yọ irú rẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo yọ ọ́ mọ́ féfé, mo fi orin náà sí i fún màmá mi.

MÀMÁ: Àkànní, níbo lo gbé ibi tó máa ń há sí?

ATỌ́KÙN: Mo ti tún un ṣe, Màmá.

MÀMÁ: Ta ló ní kó o tún un ṣe? Bó bá ti há báyìí ni bàbá yín máa ń dìde. Ijó ló máa ń jó débẹ̀, kó tó wá gbé abẹ́rẹ́ sókè. Dá a padà.

ATỌ́KÙN: Mo dá a padà.

(Ìró: orin ń lọ. Ó há. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ kan gbé abẹ́rẹ́ sókè. Orin ń lọ.)