Òkè Tó Wà Lẹ́yìn Àbíjàn
Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀

Ìmọ̀ òkúta ni iṣẹ́ mi. Òkúta ni mo ti ń kà láti ọ̀pọ̀ ọdún wá bí ọmọ ilé-kéwú ṣe ń ka wàláà, nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń dárúkọ àpáta bí ẹni ń pe ará ilé rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀nà Àbíjàn mọ̀ tó bó ṣe mọ Èjìgbò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn baba yín ti ń la ilẹ̀ Dàhòmì, Tógò àti Gánà kọjá, tí wọ́n ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ wá kọ́lé sílé. Títí di òní, owó séfà kì í ṣe àjèjì ní ọjà yìí, ọmọ tó dé fún ọdún á sì fi Faransé dá ìyá-ìyá rẹ̀ lóhùn kó tó rántí pé Yorùbá ló yẹ kóun sọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ ti rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá bi àwọn tó dé láti ibẹ̀ léèrè ohun tí ojú wọn rí, ọjà Adjamé àti ti Treichville ni wọ́n ń ròyìn fún mi, wọ́n á sọ ti òkun, wọ́n á sọ ti kòkó àti ti ilé alájà gogoro. Ẹnìkan ṣoṣo kò tíì sọ fún mi nípa òkè. Ọ̀rọ̀ òkè yẹn ni mo bá wá lónìí.

Bí ẹ bá fi Àbíjàn sílẹ̀, tí ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí ẹ sì yà díẹ̀ sí àríwá, ìrìn ọjọ́ kan gbáko yóò gbé yín dé Man, ìlú àwọn Dan tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Yakuba. Ẹ̀yìn Man, ẹ̀yìn Danané, níbi tí Côte d'Ivoire, Guinea àti Làìbéríà ti fẹnu kora, ni Nimba wà: òkè gbọọrọ tó gùn tó nǹkan bí ogójì kìlómítà, tí orí rẹ̀ tó ga jù sì jẹ́ 1,752 mítà. Nimba, arẹwà tó fi ìkùukùu wé gèlè, òkè tó wọ ẹ̀wù ẹgàn sídìí tó wá fi koríko ṣe fìlà! Kò sí ibi tó ga jù ú lọ ní Côte d'Ivoire, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Guinea.

Kí ló gbé e dìde? Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní àgbẹ̀dẹ rí, ẹ mọ irin. Irin ni Nimba, ṣùgbọ́n irin náà kò ti inú iná jáde, inú omi ló ti wá. Ní ìgbà kan tó ju bílíọ̀nù ọdún méjì lọ sẹ́yìn, kí igi kankan tó hù lórí ilẹ̀, kí ẹja kankan tó lúwẹ̀ẹ́ nínú ibú, òkun kan wà tí irin yọ́ sínú omi rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni irin náà ń rọlẹ̀, tí èròjà òkúta yanrìn sì ń rọ̀ lé e lórí, irin lẹ́ẹ̀kan, yanrìn lẹ́ẹ̀kan, títí ìsàlẹ̀ òkun fi rí bí aṣọ òfì tí ahunṣọ fi òwú oríṣi méjì hun. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ ká aṣọ ọ̀hún mọ́ra, ó fi ooru inú rẹ̀ sè é, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le koránkorán, ó sì gbé e nàró. Bí ẹ bá mú ẹ̀là òkúta Nimba kan lọ́wọ́ báyìí, ẹ ó rí àwọn ìlà náà síbẹ̀, ìlà dúdú tó ń dán, ìlà tó rí bí eérú, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ilà ojú. Ọwọ́ yín yóò sì wálẹ̀ díẹ̀, nítorí ó wúwo ju bí ojú ṣe wọ̀n ọ́n lọ.

Òjò ló parí iṣẹ́ yòókù. Òkúta tó rọ̀ jù ú lọ ló yí irin yìí ká, òjò sì ń fọ wọ́n lọ sínú odò láti ọdún gbọ́n-ọn-gbọ́n, ṣùgbọ́n irin kọ̀, kò lọ. Ẹ má ṣe rò pé Nimba fò sókè lọ́jọ́ kan: àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló jókòó, òun ló ṣẹ́kù lórí ìdúró. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ka àpáta ìpìlẹ̀ agbègbè yẹn sí pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fi orúkọ ìlú Man pè é nínú ìwé wọn. Ìran kan náà sì ni òun àti àpáta pẹrẹsẹ tí àwọn ìyá wa ń sá láfún sí lẹ́yìn oko níbí, ìran àpáta ìpìlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa tún padà sínú ààrò ilẹ̀ ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé òkè tó bá tó òkè í wò, Yúróòpù ló wà, lórí Alps tí yìnyín bò. N kò bu Alps kù, nítorí arẹwà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ àná ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nimba, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ló sún lọ sí àríwá, tó fi èjìká ti Yúróòpù, tí ilẹ̀ tó wà láàárín wọn fi ká bí ẹní. Kódà, ṣóńṣó orí Matterhorn tó ga ní 4,478 mítà, èyí tí ayé ń ya àwòrán rẹ̀ kiri, àwọn onímọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ Áfíríkà ni àpáta rẹ̀ ti wá. Ọwọ́ wa wà nínú ẹwà wọn.

Nimba kò ní yìnyín. Ẹni tó bá ń gùn ún, ẹgàn ni yóò kọ́kọ́ là kọjá, igi ńláńlá tí oòrùn kì í ráyè wọ abẹ́ wọn. Bó ti ń gòkè ni igi ń kúrú, títí yóò fi jáde lójijì sí pápá koríko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí ìpele irin, níbi tí erùpẹ̀ kò ti jinlẹ̀ tó fún gbòǹgbò igi ńlá. Ju igba oríṣi ẹ̀dá lọ ló wà lórí òkè yìí tí a kò lè rí níbòmíràn, mo sì fẹ́ dúró lórí ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé ó máa ń wú mi lórí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Kò gùn ju ìdajì ìka ọwọ́ lọ, inú koríko orí òkè ló ń gbé. Ẹ mọ̀ pé inú omi ni ọ̀pọ̀lọ́ tiwa ń yé ẹyin sí, tí ẹyin yóò di légbénlègbé onírù, kí légbénlègbé tó wá hu ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kì í dúró pẹ́ lórí òkè gíga. Òjò tó bá rọ̀ níbẹ̀ ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ Nimba wá sọ inú ara rẹ̀ di odò fún ọmọ. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń gbé oyún, gẹ́gẹ́ bí obìnrin, tó ń fi oje inú ilé ọmọ bọ́ wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á wọlẹ̀ lọ sá pa mọ́ pẹ̀lú oyún nínú, bí òjò bá sì ti mú ilẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹfà, á bí àwọn ọmọ tí wọ́n ti pé ọwọ́ pé ẹsẹ̀, tí wọn kò sì tóbi tó kòkòrò. Ìyá tó gbé ọmọ kọjá ẹ̀ẹ̀rùn! Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní kí i kú ewu?

Ní Bossou, lẹ́bàá òkè náà ní ìhà Guinea, ìnàkí ń fi òkúta pa ẹkùrọ́. Láti 1976 ni àwọn onímọ̀ ará Japan ti ń wò wọ́n: ìnàkí á gbé ẹkùrọ́ sórí òkúta pẹrẹsẹ, á fi òkúta mìíràn là á, á he ọmọ inú rẹ̀ jẹ, ọmọ rẹ̀ á sì jókòó tì í fún ọdún mélòó kan kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń pa ẹkùrọ́ tà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, títí kan bí èmi náà ṣe ń fi òkúta gbá ara mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n pa.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ní 1943 ni wọ́n sọ apá Nimba tó wà ní Côte d'Ivoire di igbó ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko tàbí ṣọdẹ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí apá Guinea ní 1944. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní 1981 àti 1982. Ṣùgbọ́n irin tó mú un dúró náà ló ń pe ọ̀tá wá bá a. Ní apá Làìbéríà, ilé-iṣẹ́ awakùsà bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkè náà ní 1963, tí ọkọ̀ ojú irin ń kó o lọ sí èbúté Buchanan, títí ogun abẹ́lé fi dé. Ibi tí ṣóńṣó òkè wà tẹ́lẹ̀ ti di kòtò. Ní 1992 ni UNESCO ti ka ìyókù mọ́ àwọn ogún tó wà nínú ewu, nítorí ètò ìwakùsà ní Guinea àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ogun lé wá sí agbègbè náà. N kò sọ pé kí ọmọ aráyé má lo irin, Ògún kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé irin wà níbòmíràn, ọ̀pọ̀lọ́ yẹn kò sí níbòmíràn.

Fún ìdí èyí, a kì í ṣàdédé wọ Nimba. Àṣẹ ìjọba ni a ń gbà, mo sì rò pé ó tọ́, bí kì í ti í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló ń wọ gbogbo igun igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n Man ṣí sílẹ̀ fún àlejò. Òkè yí ìlú náà ká bí agbo ijó; ọ̀kan nínú wọn tí ó ta ṣóńṣó ni wọ́n ń pè ní Eyín Man, ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ lè gùn ún láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Omi já bọ́ láti orí àpáta létí ìlú. Igbó kan sì wà ní Gbépleu tí àwọn ọ̀bọ inú rẹ̀ jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀, ẹnikẹ́ni kì í pa wọ́n.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ óò tún padà sí Àbíjàn lẹ́yìn ọdún, ẹ bá mi yọ ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀ dání. Lápá Danané, ẹ ó bá afárá tí wọ́n fi ìtàkùn hun láti igi dé igi lókè odò, èyí tí àwọn Dan ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn awo ń hun ún, tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kì í tó o. Ẹ bọ́ bàtà yín sílẹ̀ létí odò, nítorí èèwọ̀ ni, kí ẹ di ìtàkùn mú lọ́tùn-ún lósì, bó bá sì ń mì, ẹ má ṣe sáré.