Fèrèsé Ayọjú àti Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Kọ̀wé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìfọ̀nyìn, kọ́múnù Ifangni, orílẹ̀-èdè Benin

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kéré lójú, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń yọ wá lẹ́nu: fèrèsé kékeré tó máa ń yọjú lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Mẹ́nù wà lára rẹ̀, àpótí tó ń bi wá bóyá ká tọ́jú iṣẹ́ wa wà lára rẹ̀, ìkéde ọjà tó ń bo ohun tí à ń kà náà wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé ló ni ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fèrèsé ayọjú kò gbọdọ̀ já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìkéde ọjà ló ba fèrèsé yìí lórúkọ jẹ́. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, Ethan Zuckerman ń ṣiṣẹ́ ní Tripod, ilé iṣẹ́ tó ń gba ojú ewé wẹ́ẹ̀bù àwọn ènìyàn sílé, ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan bínú pé ìkéde òun wà lórí ojú ewé oníwà ìbàjẹ́. Zuckerman bá kọ ètò tó gbé ìkéde sínú fèrèsé ọ̀tọ̀, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ojú ewé ẹlòmíràn. Ní 2014, ó tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn The Atlantic.  Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ẹni tó dá irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kì í sábà jẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àìsàn kí fèrèsé máa já kọ̀ǹpútà gbà lọ́wọ́ ẹni ti wà ṣáájú ìkéde. Inú irinṣẹ́ tí àwọn akọ̀wé ètò fi ń ṣe bọ́tìnnì àti mẹ́nù, irú bíi GTK àti Qt, ló wà. Lórí X11, ètò tó ń gbé fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà, tó jáde ní MIT lọ́dún 1987, bí mẹ́nù bá ti ṣí, ètò náà lè gbá máòsì àti kíbọ́ọ̀dù mú, kó lè mọ̀ bí a bá tẹ ibòmíràn. Ohun tó ń ti ibẹ̀ wá burú. Bí o bá ṣí mẹ́nù sílẹ̀ tí o sì dìde lọ jẹun, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti ti ojú rẹ̀, nítorí ètò tó yẹ kó tì í kò rí kíbọ́ọ̀dù gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ rẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ètò fúnra rẹ̀ ló ń ṣírò ibi tí mẹ́nù máa bọ́ sí. Bó bá ṣì í ṣírò, ìdajì mẹ́nù á wọ ẹ̀yìn etí ojú kọ̀ǹpútà.

Wayland, ètò mìíràn fún iṣẹ́ kan náà, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008, yí i padà. Àlejò kì í yan ibi tí òun máa tẹ́ ẹní sí. Baálé ló ń fi hàn án. Ètò á kàn sọ pé, "Ẹ fi mí sábẹ́ bọ́tìnnì yìí, bí àyè kò bá sí, ẹ yí mi sókè, tàbí kí ẹ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́." Ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ojú kọ̀ǹpútà ló máa pinnu, òun náà ló sì máa sọ fún fèrèsé pé àsìkò rẹ̀ ti tó. GTK 3.22 gba irú ọ̀nà yìí ní 2016. Lójú tèmi, ìyẹn ni àtúnṣe tó dára jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ wo kíbọ́ọ̀dù AZERTY ti Faransé tí à ń lò: é wà lórí 2, è wà lórí 7, ṣùgbọ́n ɛ àti ɔ kò sí níbì kankan. Bẹ́ẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Benin, tí wọ́n ṣètò ní 1975, ɛ, ɔ àti sh ló ní ká fi kọ Yorùbá. Kí ọmọ kọjá láti Igolo sí Ìdírókò ní Nàìjíríà, ẹ, ọ àti ṣ ló máa bá. Lórí fóònù, bí a bá tẹ e mọ́lẹ̀, fèrèsé kékeré á yọjú. Bó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù Faransé, é, è, ê àti ë ni a ó bá níbẹ̀. Bí a bá sì rí ɛ, ohùn ṣì kù: ɛ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà; lẹ́tà ní tirẹ̀, àmì ohùn ní tirẹ̀. A máa pe fèrèsé lẹ́ẹ̀kejì, bó bá sì bo ìlà tí à ń kọ, a kò ní mọ̀ bóyá àmì ohùn òkè ni a fi sí tàbí ti ìsàlẹ̀.

Ìlànà tó lè tọ́ wa sọ́nà wà nílẹ̀. Ní 2018, W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fi ìlànà kan sínú WCAG 2.1, ìwé ìlànà tó ń mú wẹ́ẹ̀bù rọrùn fún àwọn aláàbọ̀ ara, fún ohun tó bá yọjú nígbà tí atọ́ka bá kan ibì kan: ká lè lé e lọ láìgbé atọ́ka kúrò, ká lè gbé atọ́ka wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó sá, kó sì dúró títí a ó fi ṣe tán. Mo fi ọ̀kan kún un: bó bá lọ, kó dá wa padà síbi tí ọwọ́ wa wà gan-an.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, GTK àti Qt kò fi àkọsílẹ̀ ètò wọn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ɛ́ àti ẹ́ dán àwọn fèrèsé wọn wò. Ibi tó bá ti kùnà, ẹ kọ ohun tí ẹ tẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é. Ẹ má dúró de ará Paris tàbí Èkó láti bá yín sọ ọ́.