Qist, Muqsit, Qasit: Ọ̀rọ̀ Alẹ́ Àlàmísì

Èmi ádímíìnì yín ni mò ń sọ̀rọ̀, láti Sábó níbí ní Kánò. Ẹ fara da ariwo jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ lẹ́yìn mi, wọn ò mú iná wá. Ọmọ mi máa kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn.

Ẹ mọ̀ pé mo ti ti gúrúùpù pa láti ọjọ́ Àtàláátà. Arákùnrin wa kan ló béèrè ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání. Ó ní òun kà á nínú Súrà Máídà, áyà 42, pé Ọlọ́hun fẹ́ràn àwọn muqsitin, ìyẹn àwọn tó ń ṣe déédéé. Ó tún wá ka Súrà Jinni, áyà 15, ó rí i pé àwọn qasitun ni igi ìdáná Jahannama. Ó ní, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni? Báwo lẹni tí Ọlọ́hun fẹ́ràn ṣe máa tún di igi ìdáná? Kí n tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti ń pe ara yín ní kèfèrí. Nítorí ìbéèrè! Ohun tó jẹ́ kí n tì í pa nìyẹn.

Èmi kì í ṣe áfáà. Sẹ́kọ́ńdìrì ni ìwé mi mọ, ọjà ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n mo gbé ìbéèrè náà lọ bá áfáà wa lẹ́yìn Ìṣáì, ohun tí wọ́n sì sọ fún mi kò jẹ́ kí n sùn dáadáa títí di òní.

Ní èdè Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ ní gbòǹgbò, lẹ́tà mẹ́ta ló sì sábà máa ń jẹ́. Gbòǹgbò tiwa yìí ni Qaf, Sin àti Tọ́, Tọ́ tó wúwo yẹn. Ibẹ̀ ni qist ti jáde. Qist ni ìpín, ìpín tó tọ́ sí èèyàn. Áfáà ní ìwé kan wà tí Raghib al-Isfahani kọ lórí àwọn ọ̀rọ̀ inú Àlùkùránì, Mufradat ni wọ́n ń pè é, ó sì là á kedere síbẹ̀: tó o bá gba ìpín ẹlòmíì, o ti qasata, ìwọ ni qasit, alábòsí. Tó o bá fún ẹlòmíì ní ìpín tirẹ̀, o ti aqsata, ìwọ ni muqsit. Ẹ ò rí i? Ìpín kan náà ni. Ọwọ́ tí ìpín náà bọ́ sí ni ọ̀rọ̀ fi yí padà.

Àwọn onísárúfù ní àlàyé tiwọn náà. Wọ́n ní hámúsà tó wà níwájú aqsata máa ń mú nǹkan kúrò. Bí ẹni kan bá shaka, ó ráhùn nìyẹn. Bí ẹlòmíì bá wá ashka rẹ̀, ó ti mú ohun tó ń ráhùn lé lórí kúrò. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ti Raghib ló wọ̀ mí lára.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ṣì lójú. Orí tó kẹ́yìn pátápátá nínú ìwé Bukhari sọ ọ́, pé muqsit ni olódodo, qasit ni alábòsí. Ibẹ̀ náà ló ti mú un wá láti ọ̀dọ̀ Mujahid pé qistas, òṣùwọ̀n tí Súrà Isra áyà 35 ní ká máa fi wọn ọjà, èdè Rúùmù ni, ó sì túmọ̀ sí ṣíṣe déédéé.

Ìtàn kan tún wà tí àwọn onítáfúsírì máa ń sọ. Hajjaj bin Yusuf, gómìnà Íráàkì láyé àwọn Banu Umayya, èèyàn líle ni. Wọ́n mú Sa'id bin Jubayr wá síwájú ẹ̀, ó ní kí ni Sa'id rí sí òun. Sa'id ní qasit ni, adil ni. Àwọn tó jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, wọ́n ní ó mà sọ̀rọ̀ dáadáa o. Hajjaj ní, ẹ̀yin òpè yìí, ó ti bú mi! Ó ní alábòsí ni mí, ó tún ní mò ń fi nǹkan ṣe ẹgbẹ́ Ọlọ́hun. Òun ló tọ́ka sí áyà Súrà Jinni yẹn fún wọn, àti àkọ́kọ́ Súrà Àn'ám, níbi tí ọ̀rọ̀ adl ti túmọ̀ sí fífi nǹkan mìíràn dọ́gba pẹ̀lú Ọlọ́hun. Hajjaj náà ló pa Sa'id lọ́dún 95 Híjírà. Ẹ ò rí i pé ìkà èèyàn ṣì lè gbọ́ Lárúbáwá ju gbogbo ìjókòó lọ.

Qist tún jẹ́ orúkọ ìwọ̀n láyé ìgbà yẹn: ìdajì sáà, ìyẹn mudd méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ìrẹsì ní Síngà, ibẹ̀ ni múdù yín ti wá, ṣùgbọ́n tiyín tóbi ju ti Ànábì lọ, ẹ má lọ pa wọ́n pọ̀. Igi qust tí àwọn onísẹ́ oògùn ń pè ní qist hindi ní tiẹ̀ kò bá wọn tan, Íńdíà ni orúkọ ẹ̀ ti wá.

Ibi tó kàn mí nìyí. Kí èèyàn ra ọjà kó máa san án díẹ̀díẹ̀, taqsit ni Lárúbáwá ń pè é. Ẹni tó bá ti lọ Mákà á ti rí i lára ìsọ̀. Owó tá a ń san lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, qist ni. Iṣẹ́ ìdílé mi nìyẹn! Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, Ìjẹ̀ṣà ni wá, aṣọ àwìn ni wọ́n ń tà kiri, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gbèsè títí owó á fi jáde. Áfáà ní ọjà àwìn kò lẹ́bi o.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn mo ta fíríìsà kan fún ìyá kan tó ń ta omi tútù àti kùnú. Opó ni. 180,000 náírà, ọ̀nà mẹ́wàá, 18,000 lóṣooṣù. Ó san méje, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lóṣù kẹjọ ọmọ ẹ̀ ṣàìsàn. Lóṣù kẹsàn-án kò rówó. Mo mú ọmọọṣẹ́ méjì, a lọ gbé fíríìsà. Kùnú ṣì wà nínú ẹ̀, ó ń bù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú wa. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, Alájì." Lọ́sẹ̀ kejì mo ta fíríìsà náà ní 110,000.

Ẹ ṣírò ẹ̀. Méje tó san jẹ́ 126,000. Ẹ fi 110,000 lé e, 236,000 ni, lórí ọjà 180,000. 56,000 ló lé. Èrè ni mo pè é. Ọdún yẹn náà ni mo lọ Úmúrà.

Ẹ máa ní ó fọwọ́ sí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fọwọ́ sí i. Ṣebí èmi náà ni mo kọ ìwé ọ̀hún. Mo bi áfáà pé kí ni kí n ṣe, wọ́n ní, "Alájì, ṣebí ìwọ ni ọlọ́jà, ta ló ni owó yẹn?"

Nọ́ńbà ìyá náà kò lọ mọ́. Àwọn ará àdúgbò ẹ̀ ní ó ti kó lọ sí Sàríyà. Sátidé ni mò ń lọ, owó ti wà nílẹ̀.

Mo ti ṣí gúrúùpù padà. Arákùnrin tó béèrè, má bínú o. Ẹni tó bá tún pe ẹnì kan ní kèfèrí níbí, màá yọ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá mọ ọ̀nà àtirí ìyá oníkùnú kan tó ti Sábó lọ sí Sàríyà, ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.