Kí Ẹ Tó Fín Òògùn sí Ìrókò Yín

Ọ̀rọ̀ igi la fẹ́ sọ lónìí.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kòkòrò kan wà nínú igbó wa tó ń lo òwe yìí bí ẹni pé òun ni wọ́n pa á fún. Phytolyma lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò tó hóró ìrẹsì kan, ó sì ń fò. Ìrókò ni oúnjẹ rẹ̀. Òun wà lára ìdí pàtàkì tí ẹ fi ń rí oko tíìkì àti oko gmelina lọ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n tí ó ṣòro kí ẹ tó rí oko ìrókò.

Kí nìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá? Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń béèrè nípa ríra ilẹ̀ sí abúlé láti fi gbin igi gẹdú. Owó tí ẹ fi oògùn ojú yín kó jọ ni. Kò yẹ kí kòkòrò tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí wá jẹ ẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Abo rẹ̀ á yé ẹyin sórí ewé tuntun àti ọ̀mùnú. Bí ẹyin bá pa, ọmọ á wọ inú ara igi lọ. Kò ní pẹ́ rárá tí ara igi á fi wú bò ó, tí á di kókó bí èso kékeré. Inú kókó yẹn lọmọ kòkòrò ti ń jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bó bá ti gbó, kókó á là, kòkòrò á fò jáde, ojú ibi tó là á bu, á sì jẹrà. Ọ̀mùnú á kú láti òkè wá sísàlẹ̀. Igi á tún rú, kòkòrò á tún padà. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, okun igi á tán.

Ẹ wá rí i pé bí ẹnì kan bá rí kókó, tó sáré lọ ra òògùn apakòkòrò, tó ń fín in sórí ewé, ó ti pẹ́ jù. Ọmọ kòkòrò ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Òògùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó dé ọ̀dọ̀ oyin, aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò mìíràn tí kò ṣẹ yín.

Kí wá ni ṣíṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ máa wo ọ̀mùnú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá nígbà tí igi bá ń rú ewé tuntun. Bí ẹ bá rí kókó tí kò tíì là, ẹ gé e pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mú, ẹ kó o kúrò lóko, kí ẹ sun ún. Ẹ má jù ú sábẹ́ igi. Kókó tó ti là, ẹni inú rẹ̀ ti lọ.

Ìkejì, níbi tí ẹ ti ń tọ́ ọmọ igi, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì oníhò wẹ́wẹ́ bò wọ́n. Ìgbà èwe yìí gan-an ni ewu pọ̀ jù. Ìrókò tó ti ga lè ní kókó lára kó má sì ṣe é ní nǹkan kan.

Ìkẹta, ẹ má gbin ìrókò nìkan síbì kan. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ gbìn ín láàárín àwọn igi mìíràn, kí wọ́n jìnnà síra, kí igi tó ga jù wọ́n ṣíji bò wọ́n díẹ̀. Oko tó jẹ́ ìrókò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àsè lẹ sè fún kòkòrò yẹn.

Ìkẹrin, ẹ má ti ara igi kan ṣoṣo mú èso. Àwọn olùwádìí ní Gánà ti rí i pé ọmọ àwọn ìrókò kan ń fara da kòkòrò yìí ju ti àwọn mìíràn lọ. Bí ẹ bá kó èso láti ara ìyá igi púpọ̀, ẹ lè bá àwọn tó le pàdé.

Ọ̀gànwó náà ní ọ̀tá tirẹ̀: ọmọ àfòpiná kan, Hypsipyla. Tirẹ̀ kì í ṣe kókó. Ṣe ló ń gbẹ́ inú ọ̀mùnú òkè. Ẹ ó rí ihò, oje, àti ìyẹ̀ igi lẹ́nu ihò náà. Orí igi á kú, ẹ̀ka mẹ́ta, mẹ́rin á sì máa dù ú láti di olórí. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, ẹ ò ní rí pákó tó tọ́ là níbẹ̀. Ẹ gé ibi tó kú, kí ẹ sì fi ẹ̀ka kan ṣoṣo tó tọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba owó yín fún oko igi, ẹ bi í léèrè: igi wo lẹ fẹ́ gbìn? Kí lẹ gbìn mọ́ ọn? Ta ni yóò máa wo ọ̀mùnú rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́? Bí kò bá ní èsì, ẹ di owó yín mú. Bí àmì tí ẹ rí kò bá yé yín, ẹ mú ẹ̀ka náà lọ sí FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ igbó tó wà ní Jẹ́ríkò, n'Íbàdàn. Fọ́tò dára, àmọ́ ẹ̀ka gan-an sọ̀rọ̀ jù ú lọ.

Ohun kan ló kù. Ìrókò akọ yàtọ̀ sí abo. Abo nìkan ló ń so, àdán sì wà lára àwọn tó ń gbé èso rẹ̀ kiri. Bí wọ́n bá gé ìrókò àgbà ìlú yín, tí kòkòrò sì ń pa àwọn ọmọ, ta ni yóò rọ́pò rẹ̀? Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ayùn wá.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wá ilẹ̀ oko. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.